A Kì Í Gun Òkè Lásán

Nínú ìdílé wa, kò sí ẹni tí í gun òkè láìní ẹjọ́ tó fẹ́ lọ rò fún Ọlọ́run. Bí o bá rí ẹni tó ká ẹní mọ́ abíyá, tó mú Bíbélì dání, tó forí lé orí òkè lọ́jọ́ Ẹtì, o ò ní bi í pé ṣé kò sí o. Ó wà. Bóyá ọmọ ló ń wá, bóyá ọkọ ló ń ṣe ségesège, bóyá ìdánwò ló ti gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí o máa ṣe ni pé kí o yà fún un lọ́nà, kí o ní "Ọlọ́run á gbọ́ o." Abúlé wa kò jìnnà sí Iléṣà, oko kòkó àti oko obì ló yí i ká, òkè àdúrà ìjọ wa sì wà lẹ́yìn oko bàbá mi gan-an. Láti kékeré mi, mi ò rí ẹnì kan kó gun òkè yẹn lọ wòran rí.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òkè ló fẹ́ẹ̀ pa mí ní ilẹ̀ Íńdíà.

Bẹngalúrù ni mo lọ. Ìwé ni mo lọ kà. Nígbà tí mo kà á tán, mo ríṣẹ́, mo dúró. Gbogbo èèyàn ló máa ń bi mí pé kí ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Wọ́n rò pé n ó sọ pé èrò ni, tàbí màlúù tó dùbúlẹ̀ sáàárín títì bí ẹni tó ra ilẹ̀ ibẹ̀. Rárá o. Ìkíni ni. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Ìjẹ̀ṣà, tí mo tún gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Òkè Baálẹ̀ l'Óṣogbo, níbi tí o ò ti lè jáde lọ ra ìṣáná kí o má kí odindi àdúgbò! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo wọ lífìtì ilé tí mò ń gbé, mo bá bàbá arúgbó kan nínú rẹ̀. Ṣé kí n wá nàró gbagidi níwájú àgbàlagbà ni? Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àyè ò gbà mí, mo bá bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kanlẹ̀. Bàbá wo ilẹ̀. Ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a. Títí lífìtì fi dé ìsàlẹ̀, àwa méjèèjì ń wá ohun tí kò sọnù.

Ti ẹja tún wà níbẹ̀. Ìyá onílé mi kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kódà ẹyin kì í wọlé rẹ̀. Àǹtí mi sì ti di ẹja gbígbẹ sínú àpótí mi, ó ní n ò gbọdọ̀ lọ máa jẹ ọbẹ̀ tí kò ní nǹkan nínú ní ìlú onílùú. Ọjọ́ tí mo rẹ ẹja náà sínú omi gbígbóná, kò pẹ́ rárá tí àwọn ará ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní eku ti kú sínú ògiri. Wọ́n pe ọkùnrin kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwá eku. Èmi náà jáde, mo fọwọ́ bomú, mo ń bá wọn mirí, mo ní ọ̀rọ̀ eku ilé yìí ti ń le jù. Bí mo ṣe jẹ ẹja tó kù, èmi àti Ọlọ́run la mọ̀ ọ́n.

Mo ń fi ṣe ẹ̀rín báyìí. Nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀rín. Ohun tí n ò mọ̀ kí n tó kúrò nílé ni pé ìkíni la fi ń mọ̀ pé èèyàn wà. Nílé, kí n tó fọ ẹnu tán láàárọ̀, orúkọ mi á ti gba ẹnu bí èèyàn mẹ́wàá kọjá: ẹni tó ń bú mi, ẹni tó ń rán mi níṣẹ́, ẹni tó kàn ń pè mí kó lè mọ̀ pé mo ti jí. Ní Bẹngalúrù, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi, bí wọ́n bá sì wá pè é, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ léegun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara mi ní orúkọ nígbà tí mo bá ń dáná. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí mo rí, iṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni. Ọ́fíìsì ńlá kan ni, gbogbo wa kó fóònù sétí, àwọn èèyàn ń pè wá láti ìlú òyìnbó pé ẹrù tí àwọn rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé, àwa á máa bẹ̀ wọ́n. Ẹni tí bàtà rẹ̀ kò dé á bú mi, n ó ní ẹ má bínú. Ẹni tí bàtà rẹ̀ dé, tó wá há a lẹ́sẹ̀, á bú mi, n ó ní ẹ má bínú. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìran àwọn tó lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà èèyàn láti òwúrọ̀ títí dalẹ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀tọ́ wọn, èmi ni mo wá di ẹni tí ń bẹ oníbàtà!

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á gbé agolo oúnjẹ wọn, wọ́n á kó ara wọn jọ sídìí tábìlì kan, eléyìí á bu tọ̀hún, tọ̀hún á bu teléyìí. Wọn ò lé mi. Wọn ò sì pè mí. Mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, mo ń jẹ ìrẹsì, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọ̀ọ́kán. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe, n ò wá ẹ̀rín wá.

Ẹni tí n ò rí tàn jẹ ni Yèyé mi. Yèyé ni gbogbo wa máa ń pe ìyá mi, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ìyá. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń pè mí nìyẹn.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Yèyé."

"Ta lo bá jẹ ẹ́?"

"Èmi nìkan ni. Ibí ò rí bí ilé, Yèyé, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀."

"Ìyẹn ni pé látìgbà tí o ti wà níbẹ̀, o ò tíì ní ẹnì kan?"

"Mo níṣẹ́, mo ní yàrá, ara mi le."

"N ò bi ọ́ ní yàrá. Èèyàn laṣọ o. Ṣé ìhòòhò lo wà níbẹ̀ ni?"

Bí ó bá ti sọ báyìí, á gbóhùn sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìjẹ̀ṣà jinlẹ̀ gbàdúrà fún mi, èyí tó jẹ́ pé èmi gan-an ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́. Màá máa ṣe àmín lọ.

Àfi bí ó ṣe di ọjọ́ kan tí Dípà yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Dípà ni ọmọbìnrin tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó máa ń pàṣẹ fún gbogbo wa bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ́fíìsì yẹn. Ó ní, "Àwa fẹ́ lọ sí Kódágù lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé wàá lọ?" Kódágù, agbègbè olókè kan ni. Kọfí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, kùrukùru a máa bo orí òkè láàárọ̀, omi a máa já wálẹ̀ láti orí àpáta. Ibẹ̀ ni àwọn ará Bẹngalúrù máa ń sá lọ bí ìlú bá ti sú wọn. Kò ṣe bí ẹni tó fẹ́ràn mi o. Àyè kan ló ṣẹ́ kù nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í bi wọ́n pé ta ló se é. Mo ní màá lọ kí ó tó pa ẹnu dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ ò bá tíì rí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbèrò ìrìn àjò, ẹ ò tíì rí nǹkan. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wasáàpù, wọ́n sọ ọ́ ní "Kódágù Dájú". Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: Dípà, èmi, Surẹ́ṣì tó ni mọ́tò, tó sì fẹ́ràn mọ́tò náà ju ara rẹ̀ lọ, àti Àníìlì tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, bí kò bá sọ̀rọ̀, ó ń jẹun. Dípà fẹ́ rí oko kọfí. Surẹ́ṣì ní erin lòun fẹ́ lọ wò níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́ lódò. Àníìlì ní ohunkóhun tí a bá fẹ́ wò ló dáa, ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń sè níbẹ̀ ńkọ́? Surẹ́ṣì ní ẹran ò gbọdọ̀ wọ mọ́tò òun, ìbáà jẹ́ nínú ikùn èèyàn. Wọ́n jà lórí ìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá, Dípà kọ ọ́ pé, "Ìwọ ńkọ́, àlejò wa? Kí ni ìwọ fẹ́ rí?"

Kò sí ẹni tó ti bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìlú náà. Mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ gun òkè. Nǹkan tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí Yèyé mi pè, ara mi ti yá gágá. Mo ní, "Yèyé, mò ń lọ sí orí òkè kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sóhun tó ṣe mí."

"Wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́?"

"Wọn ò lé mi, Yèyé."

"Àìsàn ni? Sọ ọ́ fún mi. Mo ti dàgbà, mo lè gbà á mọ́ra."

"Ìgbafẹ́ ni, Yèyé. A kàn fẹ́ lọ wò ó ni."

"Ẹ fẹ́ lọ wo kí ni?"

"Òkè."

"Òkè! Òkè tí mo bí ọ sí ìdí rẹ̀? O kúrò nídìí òkè, o wọ báálù, o la òkun kọjá, o wá ń lọ wo òkè?"

Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé, ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. Mo ní èèyàn púpọ̀ ló ń lọ, mo ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, mo ní wọ́n ń ya fọ́tò. Yèyé mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ó ti yé mi. O ò fẹ́ kí àyà mi já ni. O káre, ọmọ mi. Ohun yòówù tó bá jẹ́, o ò ní dá a gbé."

Ni mo bá mọ̀ pé mo ti wọ gàù.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Wòólì fúnra wọn ló pè mí. Àwọn ni olórí ìjọ wa lábúlé, ohùn wọn a máa mi fèrèsé. Wọ́n ní, "Ọmọ wa, a ti gbọ́. A ò bi ọ́ ní ohun tó jẹ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, gbogbo ìjọ máa wọ inú ààwẹ̀ nítorí rẹ. Gbígbẹ ni, kò somi. A ò sì ní ṣínu títí ìwọ ó fi dé orí òkè, kí o pè wá níbẹ̀, kí a jọ gbàdúrà."

Mo ní, "Bàbá, Yèyé mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru."

Wọ́n ní, "Yèyé rẹ gan-an ló dá a lábàá."

Mo pe Yèyé mi, mo bẹ̀ ẹ́. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún kí n máa bẹ̀bẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ dé ibi tí ẹ̀bẹ̀ dé. Ó ní bí ọmọ ẹni bá ń lọ sójú ogun, ará ilé kì í sùn. Ó fi fóònù sílẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò lábúlé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, kí n bá wọn gbé ẹ̀bẹ̀ tiwọn dé orí òkè. Àǹtí mi l'Óṣogbo ní kí n má gbàgbé onílé òun tó fẹ́ lé òun jáde. Ìbátan wa kan l'Óṣú ń wá ọkọ, ó ní kò gbọdọ̀ kúrú. Ọkùnrin kan tí n ò mọ̀ rí, tó ń wa wúrà ní Itagunmodi, ní kí n bá òun bẹ Ọlọ́run kí wúrà sún mọ́ òkè díẹ̀, ẹ̀yìn ti ń dun òun. Ẹnì kan tiẹ̀ ní Ọlọ́run ilẹ̀ òkèèrè kì í ní ẹjọ́ púpọ̀ nílẹ̀, tiwa á yá.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ìgbafẹ́ ni mo fẹ́ lọ, àfi bí wọ́n ṣe sọ mí di aṣojú.

Ọjọ́ Ẹtì wá dé. Mo mọ̀ pé ní àkókò yẹn, Yèyé mi ti pa ẹnu dé, kò ní jẹ, kò ní mu. Mo dé ọ́fíìsì, mo ti di àpò mi. Mo wo Wasáàpù. Wọ́n ti yí orúkọ ẹgbẹ́ wa padà sí "Kódágù Dájúdájú", ó sì yẹ kí n mọ̀ láti ìgbà yẹn pé nǹkan ti bàjẹ́. Àníìlì ló kọ́kọ́ kọ ọ́: àwọn àna àbúrò òun ń bọ̀, òun ò ní lè lọ. Lẹ́yìn náà ni Surẹ́ṣì: mọ́tò òun ń wúkọ́. Dípà wá ní, ó dáa, òjò ń bọ̀ náà, ṣé ká kúkú sún un sí oṣù tó ń bọ̀? Gbogbo wọn fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó parí. Kò dùn wọ́n rárá.

N ò lè parọ́ fún Yèyé mi pé mo dé ibẹ̀. Obìnrin yẹn máa ń gbọ́ irọ́ lẹ́nu èèyàn kí onítọ̀hún tó pa á. Mo dìde, mo lọ bá wọn nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun, ibi tí n ò tíì jókòó sí rí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ọ̀nà fún mi. Mo fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òkè yẹn lọ́la."

Dípà wò mí. "Ìwọ nìkan? Nínú òjò? Kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ebi Yèyé mi ju ojútì lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti òkè tó wà lẹ́yìn oko wa, mo sọ ti Bàbá Wòólì, mo sọ ti ààwẹ̀, mo sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sọ ti ọkùnrin oníwúrà. Mo ní màmá mi ò ní jẹun títí n ó fi dé orí òkè. Mo dúró de ẹ̀rín wọn.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àníìlì gbé oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí n ò rí i kó ṣe rí.

Dípà ní, "Ẹ̀jẹ́ ni."

Mo ní bí ẹ̀jẹ́ náà ni.

Ni ó bá fìbínú gbá tábìlì. "Kí ló dé tí o ò sọ? O jókòó, ò ń wò wá, à ń sọ ọ̀rọ̀ erin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, màmá rẹ sì wà nínú ààwẹ̀? Ṣé ẹnì kan ń sún ẹ̀jẹ́ síwájú ni? Surẹ́ṣì!"

Surẹ́ṣì ní, "Mọ́tò ò ṣàìsàn kankan. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Àníìlì ní àwọn àna lè wá kí wọ́n sì lọ, kò sẹ́ni tó dè wọ́n mọ́lẹ̀. Màmá tirẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ lásán gun òkè rí, òun náà lọ san ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ nígbà tí àìsàn dá Àníìlì dùbúlẹ̀ ní kékeré. Surẹ́ṣì ní bàbá òun fá irun orí kanlẹ̀ lórí òkè nítorí ìdánwò tòun. Bí a ṣe jókòó ti ara wa nìyẹn, kálukú ń sọ ohun tí òbí rẹ̀ ti fi ara dá lórí òkè. Dípà ti agolo rẹ̀ sọ́dọ̀ mi láìwo ojú mi, mo bù ú, ata rẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ́fun lọ, mo tún bù ú.

Mo ti ronú sí i púpọ̀ láti ìgbà náà. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbìyànjú láti jẹ́ ẹni tó ń lọ gbafẹ́ bíi tiwọn, wọn ò rí mi. Ọjọ́ tí mo wá sọ bí ilé wa ṣe rí gan-an ni wọ́n mọ̀ mí. Yèyé mi ló sì jàre: ta ní í gun òkè lásán? Àwọn náà ò mọ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún wọn láti fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, màmá Dípà sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa nídìí mọ́tò, wọ́n gbé àgbọn lé mi lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó ń lọ san ẹ̀jẹ́. Mo fọwọ́ kanlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò sẹ́ni tó wá nǹkan kan nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi sọ ti orúnkún mi fún Ọlọ́run. Sì bá mi sọ ti Dípà pẹ̀lú. Ó tó kó wọlé ọkọ."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, màmá. Ẹ má ṣèyọnu."

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀, Dípà yíjú padà láti iwájú. "Bí o bá dárúkọ mi lórí òkè yẹn, n ó tì ọ́ ṣubú."

Àníìlì bi mí pé kí ni àwọn á máa dáhùn bí mo bá ń gbàdúrà. Mo ní "Àmín" ni. Wọ́n fi kọ́ra nínú mọ́tò títí ó fi já gaara lẹ́nu wọn. Surẹ́ṣì ló ń ké e jù.

Ìgbà tí a dé àárín oko kọfí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Kọfí kì í dàgbà nínú oòrùn gangan. Abẹ́ igi ńlá ni wọ́n ń gbìn ín sí, bíi kòkó. Ilẹ̀ tutù, ewé jíjẹrà bo gbogbo ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Ọkùnrin kan ń gé ẹ̀ka lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbàgbé ara mi, mo ké sí i pé "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó gbé àdá rẹ̀ sókè díẹ̀, ó dáhùn ní èdè tirẹ̀. Òórùn oko bàbá mi ni mò ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn, omijé sì bọ́ lójú mi. Dípà dúró tì mí.

A gun òkè náà. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n koríko tutù rinrin. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, kùrukùru ti bo gbogbo ilẹ̀, kò sí ìran kankan tí èèyàn lè wò. Mo pe Yèyé mi. Nẹ́tíwọọ̀kì kọ̀ láti gbé àwòrán, ohùn nìkan ló wọlé. Mo gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kún.

Bàbá Wòólì ní, "Ṣé o ti dé ibẹ̀?"

"Mo ti dé ibẹ̀, Bàbá."

"Bọ́ bàtà rẹ! Ilẹ̀ mímọ́ ni!"

Mo bọ́ bàtà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò mí, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí Bàbá sọ. Wọ́n bọ́ tiwọn, nítorí lọ́dọ̀ wọn náà, èèyàn kì í wọ bàtà dé iwájú Ọlọ́run. A dúró sínú koríko, a dijú. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti onílé àǹtí mi, wọ́n ní "Àmín!" Mo sọ ti ọkọ tí kò gbọdọ̀ kúrú, wọ́n ní "Àmín!" Orúnkún màmá Dípà, "Àmín!" Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ Dípà, mo yọjú wo etí òkè náà, n ò tiẹ̀ rí ìsàlẹ̀. Mo fò ó.

Bí mo ṣe ń wọ orí ọ̀rọ̀ wúrà ni Surẹ́ṣì figbe ta. Mo la ojú. Eṣúṣú! Eṣúṣú kún inú koríko, wọ́n ti gun ẹsẹ̀ wa, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ wa pinpin, wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀. Àníìlì ń fò sókè, ó ń gbá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pàràpàrà. Dípà ń jó lórí ẹsẹ̀ kan. Surẹ́ṣì ń ké "Yéè! Yéè!" Èmi náà ò lè mú un mọ́ra, mo ń gbàdúrà, mo ń janlẹ̀, mo ń kígbe.

Ni mo bá gbọ́ ohùn Bàbá Wòólì nínú fóònù: "Ó ti dé! Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀ lé wọn! Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jó!" Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké halelúyà. "Ẹ̀yin ará mi," ni Bàbá ń wí, "iná yìí ò gbọdọ̀ kú. A ó fi ọjọ́ mẹ́ta kún ààwẹ̀ yìí!"

Háà! Mo ké sí fóònù pé, "Yèyé! Yèyé, ẹ gba fóònù!"

Ó gbà á. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àwọn wo ló ń ké àmín yẹn?"

"Àwọn tí a jọ wá ni."

"Wọ́n bá ọ gun un?"

"Wọ́n bá mi gun un, Yèyé."

"Kí ló wá ń ṣe wọ́n?"

"Bàtà tí Bàbá ní ká bọ́ ni. Àwọn náà bọ́ tiwọn, eṣúṣú sì ń jẹ wọ́n."

Mo gbọ́ orin lẹ́yìn rẹ̀. "Eṣúṣú ń jẹ wọ́n," ó ní, "wọn ò sì sá fi ọ́ sílẹ̀?"

Mo wò wọ́n. Àníìlì ti jókòó sílẹ̀, ó ń fi iyọ̀ tó bù látinú àpò oúnjẹ rẹ̀ pa eṣúṣú ẹsẹ̀ rẹ̀. Dípà ń fà á kúrò lẹ́yìn ọrùn Surẹ́ṣì, ó sì ń bú u kí ó dúró jẹ́ẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn, ó pè mí, ó ṣẹ́ orúkọ mi léegun bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe, ó ní ṣé àdúrà ti parí ni, àbí kí àwọn tún dìde.

"Wọn ò sá, Yèyé. Wọ́n ń béèrè bóyá ó kù."

Mo gbọ́ tí ó ń bá Bàbá Wòólì sọ̀rọ̀ lóhùn tí n ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí mo ti fi ilé sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá wa gba ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Èmi ti rí tèmi gbà. Ẹ ní kí wọ́n gbé iyán wá."